Òdòdó wo ni mo lè kọ́kọ́ gbìn ní Àbújá tí kò ní gbówó lórí mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lúgbẹ ní Àbújá ni à ń gbé, nínú ilé tí a háyà. Àyè méjì ló wà tí mo fẹ́ gbin òdòdó sí. Ọ̀kan wà níwájú ilé, oòrùn ń pa á láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Ìkejì wà láàárín ògiri ilé ìdáná àti fẹ́ǹsì. Oòrùn àárọ̀ nìkan ló ń dé ibẹ̀, omi ìfọṣọ sì máa ń ṣàn gba ibẹ̀ kọjá. Lọ́dún tó kọjá mo ra rósì mẹ́rin àti ixora mẹ́fà lọ́wọ́ olódòdó ẹ̀bá títì. Rósì ti kú tán kí oṣù kẹta tó parí. Ixora tí mo gbìn mọ́ ẹsẹ̀ ògiri kò kú, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ di yẹ́lò, kò sì tan òdòdó. N kò gbin òdòdó rí ṣáájú ìyẹn, owó ọwọ́ mi kò pọ̀, mo sì ní ọmọ kékeré méjì. Kí ni kí n gbìn?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú àdánù. Ẹ má fi ti rósì yẹn da ara yín lẹ́bi. Ibi tó tutù bí i Jos ló ti máa ń dùn ún gbìn; orí òkè tó ga tó nǹkan bí i mítà 1,200 ni Jos wà, Àbújá kò sì tó ìdajì gíga yẹn. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ọyẹ́, kí ooru oṣù kejì àti oṣù kẹta tún tẹ̀ lé e, lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tọ́jú: èyí lè pa rósì mọ́ ẹni tó ti ń gbìn ín tipẹ́ lọ́wọ́, áńbọ̀sìbọ́sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ti ixora yàtọ̀. Ẹ wo ewé rẹ̀ dáadáa. Bí iṣan ewé bá ṣì tutù yọ̀yọ̀ tó jẹ́ àárín iṣan sí iṣan ló di yẹ́lò, ògiri ló ń dà á láàmú. Ixora fẹ́ ilẹ̀ tó kan díẹ̀. Ẹfun inú sìmẹ́ǹtì tí àwọn bíríkìlà dà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ògiri ti pa kíkan ilẹ̀ náà. Irin wà nínú ilẹ̀ pupa yẹn rẹpẹtẹ, àmọ́ gbòǹgbò kò rí i fà mu mọ́. Nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ ní oṣù kẹfà, ẹ hú u tòun ti ilẹ̀ tó wà nídìí rẹ̀, ẹ gbé e kúrò lẹ́sẹ̀ ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà méjì ó kéré tán, ẹ fi ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà sí kòtò tuntun, kí ẹ sì gé orí rẹ̀ sí ìdajì. Ẹ má da eérú sí i o. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi eérú tọ́jú ohun ọ̀gbìn tí ewé rẹ̀ ń pọ́n, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kan náà tí ẹfun sìmẹ́ǹtì ń ṣe ni eérú ń ṣe.

Ní ti ọdún yìí, ìmọ̀ràn mi ni pé kí owó yín wọ inú ilẹ̀, kí òdòdó fúnra rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí páálí irúgbìn kékeré kan tàbí ẹ̀ka tí aládùúgbò gé fún yín lè bẹ̀rẹ̀. Kí ebè náà má sì tóbi ju omi tí ẹ lè rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ.

Ọ̀rọ̀ omi ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣírò. Ebè tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ yín á dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láì tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti oṣù kọkànlá títí òjò á fi padà, irú ebè bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ bí i kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta onílítà 25 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ ọwọ́ mẹ́ruwà lẹ ti ń ra omi, ẹ mọ iye tí ìyẹn jẹ́ ládùúgbò yín kí ẹ tó fa okùn sórí ilẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, ẹ dín gígùn ebè kù sí ẹsẹ̀ bàtà 6. Omi tí ẹ fi ṣan ẹ̀fọ́ àti omi tí ẹ fi ṣan aṣọ kẹ́yìn dára fún òdòdó. Omi ọṣẹ àkọ́kọ́ àti omi tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀ kò dára. Ẹ bu omi náà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó lè rin ilẹ̀ wọnú. Ẹni tó ń wọ́n díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ń kọ́ gbòǹgbò láti máa sá wá sókè ni, oòrùn á sì se é níbẹ̀.

Ilẹ̀ iwájú ilé tuntun lágbègbè yín sábà máa ń jẹ́ yangí tí wọ́n da iyanrìn àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù lé lórí. Ẹ má bá a jà nígbà tó gbẹ. Ẹ dúró kí òjò bí i méjì tàbí mẹ́ta rọ̀ ní oṣù kẹrin, kí ẹ wá fi dígà àti ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ ṣa àfọ́kù, ìṣó, ọ̀rá àti ègé sìmẹ́ǹtì kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ gbẹ́ kòtò kékeré kan tó jìn bákan náà, ẹ da omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà tán, kí ẹ tún kún un lẹ́ẹ̀kejì. Bí omi ẹlẹ́ẹ̀kejì bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, gbòǹgbò yóò jẹrà níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ, àfi kí ẹ gbé ojú ebè ga dáadáa.

Ohun tí ẹ ó pò mọ́ ọn ni ìgbẹ́ màlúù tó ti pẹ́, àpò ìrẹsì ńlá mẹ́ta fún ebè ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 4 sí 10. Ẹ máa rí i ní gàá àwọn Fúlàní tàbí nítòsí káràà màlúù, owó ẹni tó bá yín gbé e ló sì máa ń pọ̀ ju owó rẹ̀ lọ. Kí ẹ tó gbà á, ẹ ki ọwọ́ bọ inú àpò náà. Èyí tó ti tó lò kì í gbóná, kì í rùn, ó sì máa ń rún wẹ́wẹ́ bí ẹ bá fún un lọ́wọ́. Èyí tí kò tíì jẹrà ṣì ń gbóná nínú, yóò jó gbòǹgbò. Ẹ̀gbẹ́ ewé yóò gbẹ bí ohun tí iná rà. Tó bá jẹ́ ìgbẹ́ adìyẹ nìkan lẹ rí, àpò kan ṣoṣo ti tó, kó sì ti wà nílẹ̀ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, torí agbára rẹ̀ ju ti màlúù lọ. Ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀, ẹ gbé ojú ebè ga ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ ní sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ fi òkúta tàbí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù tí ẹ ṣà lẹ́ẹ̀kan ṣe etí rẹ̀ kí òjò má bàa wó o. (Ti ixora yàtọ̀ o, kí àfọ́kù má dé ẹ̀bá rẹ̀.) Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ebè náà sílẹ̀ lófo fún ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo èso koríko tó bá ìgbẹ́ màlúù wá yóò hù, ẹ ó sì fi ọkọ́ ha wọ́n kúrò lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ń gba ènìyàn lọ́wọ́ títu koríko fún oṣù mẹ́ta, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má fò ó.

Fún ebè iwájú ilé, irú òdòdó mẹ́rin péré. Ọ̀rọ̀ ẹwà ni: ebè tí irú òdòdó mẹ́wàá wà nínú rẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan máa ń rí ràdàràdà, ẹni tó sì ń kọ́ṣẹ́ kò ní mọ èyí tó ń fẹ́ kí ni.

Lẹ́yìn pátápátá, níbi tó sún mọ́ ilé, ẹ to celosia olórí àkùkọ tàbí olórí ìyẹ́ sí ìlà kan, mẹ́wàá, kí ẹsẹ̀ bàtà kan wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ọmọ ìyá ṣọkọ yòkòtò tí a ń jẹ ni, ẹni tó bá ti gbin ṣọkọ rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ rẹ̀. Irúgbìn rẹ̀ kéré gan-an, nítorí náà ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ẹ tó gbìn ín, ẹ má sì bo ó mọ́lẹ̀; ó fẹ́ ìmọ́lẹ̀ kó tó hù, ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ni yóò gbà. Ìṣòro rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò fẹ́ kí a fi òun pẹ́ nínú ike kékeré. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ti há, yóò yọ òdòdó nígbà tí kò tíì ga ju ìka ọwọ́ lọ, kò sì ní dàgbà mọ́ láéláé. Ẹ gbé e sínú ebè nígbà tó bá ní ewé mẹ́rin sí mẹ́fà.

Ìlà kejì jẹ́ ti marigold. Ẹ béèrè irú èyí tó kúrú, tí kì í ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ; èyí tó ga, òjò oṣù kẹjọ yóò wó o, ẹ ó sì máa wá igi kiri tí ẹ ó fi dè é. Irúgbìn rẹ̀ tóbi tó láti fi ọwọ́ mú, ọjọ́ márùn-ún sí méje ló fi ń hù, ó sì máa ń tan òdòdó ní bí i ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́yìn tí a gbìn ín. Nígbà tó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ já orí rẹ̀. Ó máa ń dun ènìyàn láti já ohun tó ń dàgbà, ṣùgbọ́n ẹ̀ka mẹ́rin tàbí márùn-ún ló máa yọ dípò ẹyọ kan. Ẹ máa ṣẹ́ òdòdó tó bá ti gbẹ dànù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá ti fi èso sílẹ̀ tán, ó gbà pé iṣẹ́ òun parí nìyẹn. Gbòǹgbò marigold tún máa ń dín àwọn aràn tín-tìn-tín inú ilẹ̀ tó ń so kókó mọ́ gbòǹgbò tòmátò kù, nítorí náà ibi tí ẹ bá gbìn ín sí lọ́dún yìí yóò dára fún tòmátò lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìlà kẹta ni vinca, òdòdó kékeré aláwọ̀ funfun tàbí àwọ̀ osùn tó pín sí márùn-ún, tí ewé igi rẹ̀ sì ń dán. Ẹ óò ti rí i lẹ́bàá ọ̀nà àti níwájú ilé ẹ̀kọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lẹ lè gbìn, òun ni kí ẹ gbìn. Ó ń fara da oòrùn àti ọ̀gbẹlẹ̀, ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́, ó sì ń tan òdòdó yíká ọdún. Irúgbìn rẹ̀ ń fẹ́ òkùnkùn, ó sì ń lọ́ra, ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ fẹ́ fi irúgbìn ṣe? Lábẹ́ vinca àgbà ní oṣù kẹfà, ọmọ rẹ̀ tó ti hù fúnra wọn máa ń wà níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ yanturu. Ẹ tọrọ mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹni tó bá ní i. Ohun tó ń pa á ni omi tó dúró: ìdí igi rẹ̀ á dúdú, gbogbo ẹ̀ka á sì rọ lójijì bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ tutù. Ẹ má bu omi sí i nígbà náà, ẹ hú u dànù. Májèlé wà nínú rẹ̀ bí ènìyàn bá jẹ ẹ́. Láti ara rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ti rí vincristine àti vinblastine tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ, oògùn tó lágbára gidi ni. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé wíwò nìkan ni.

Etí ebè, níwájú pátápátá, ni ti portulaca, tí òun náà jẹ́ ẹbí pápásán. Ẹ ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7 níbikíbi tí ẹ bá ti rí i, ẹ fi sílẹ̀ fún bí ìdajì ọjọ́ kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ, kí ẹ wá tì í bọ inú ilẹ̀. Ó máa ń mú gbòǹgbò kíákíá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fún ìlà náà. Yóò ṣí nígbà tí oòrùn bá mú, yóò sì pa ara rẹ̀ dé tí ojú ọ̀run bá ṣú, ìyẹn kì í ṣe àìsàn.

Bí ẹ kò bá rí ìgbẹ́ màlúù rárá, ẹ fi cosmos olómi ọsàn rọ́pò gbogbo èyí fún ọdún kan. Inú ilẹ̀ tí kò lọ́ràá ló ti máa ń tan òdòdó jù. Ẹ fọ́n irúgbìn rẹ̀, ẹ fi ráákì rọra bo ó, ó tán. Bí ẹ bá fún un ní ajílẹ̀ òyìnbó, ewé nìkan ni ẹ ó rí. Fún àwọn yòókù, síbí ìjẹun méjì NPK 15-15-15 lórí mítà kan níbùú lóròó, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ẹ gbé wọn sínú ebè, ti tó. Kó má kan igi wọn, kí ẹ sì bu omi sí i lójú ẹsẹ̀.

Irúgbìn celosia àti marigold, inú abọ́ àtijọ́ tí ẹ lu ihò sí nídìí ni kí ẹ ti hù ú ní ìparí oṣù kẹrin. Abọ́ ilẹ̀ méjì, abọ́ iyanrìn kan, abọ́ ìgbẹ́ màlúù jíjẹrà kan, kí ẹ sẹ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ da omi híhó sí i kí ẹ sì jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó gbìn, èyí máa ń pa èso koríko àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn àrùn inú ilẹ̀. Ẹ gbìn ín ní ìlà ìlà, ẹ má fọ́n ọn bí ẹni fọ́n iyọ̀. Kẹ́tùlù àlùwàlá dára láti fi bu omi sí i, torí ẹnu rẹ̀ kì í tú omi jáde pẹ̀lú ipá. Àárọ̀ ni kí ẹ máa bu omi. Bí àwọn ọmọ irúgbìn bá ń ṣubú lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan tí ìdí wọn tínrín bí òwú, wọ́n ti há jù, omi sì ti pọ̀ jù. Ẹ fa ìdajì tu, kí ẹ sì jẹ́ kí ojú ilẹ̀ gbẹ díẹ̀ kí omi míì tó kàn án. Nígbà tí ewé gidi méjì bá yọ, ẹ gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá píọ́wọ́tà tí ẹ gé lórí tí ẹ sì lu nídìí. Ọ̀rá yẹn wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì jìn ju ike lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ gbé wọn wọ ebè, kí ẹ fi páálí ṣíji bò wọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta.

Èèpo ẹ̀pà ni kí ẹ fi bo ojú ilẹ̀ láàárín wọn, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5. Ó pọ̀ níhà ọ̀dọ̀ wa, ó fúyẹ́, kì í sì í jẹ́ kí oòrùn fa omi ilẹ̀ tán. Kó jìnnà sí ìdí igi òdòdó díẹ̀. Ẹ má lo ègé igi, àwọn ikán ni ẹ ń pè wá jẹun yẹn.

Ebè ẹ̀bá ilé ìdáná kò ṣòro. Ẹ kọ́kọ́ ya omi ọṣẹ gba ibòmíì, kí omi ìṣanṣọ nìkan máa kọjá níbẹ̀. Ẹ tọrọ ìta ìdò (canna), ẹ gé e kí ojú méjì wà lára ègé kọ̀ọ̀kan, ẹ rì í mọ́lẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ wà láàárín wọn. Ìdò fẹ́ràn omi ju gbogbo òdòdó tí mo ti dárúkọ lọ. Oòrùn díẹ̀ túmọ̀ sí òdòdó díẹ̀, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ nìkan tó wò. Níwájú rẹ̀, ẹ gbin coleus tí ẹ gé orí rẹ̀ tí ẹ sì rẹ sínú ife omi títí tó fi mú gbòǹgbò. Lẹ́fúnlọ́sùn lẹ́wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ omi ara rẹ̀ máa ń yún ènìyàn lẹ́nu gan-an; kí àwọn ọmọ dàgbà díẹ̀ ná. Bẹ́ẹ̀ náà ni tannápọ̀ṣọ́ tó ń ṣí ní ìrọ̀lẹ́: èso dúdú rẹ̀ jọ ohun jíjẹ lójú ọmọdé, májèlé sì ni. Bí olódòdó bá sì fi igi olómi òjò lọ̀ yín, èyí tó ń tan òdòdó yẹ́lò bí agogo tí omi rẹ̀ funfun bí wàrà, ẹ kọ̀ ọ́ pátápátá. Èso rẹ̀ lè pa ènìyàn.

Tí ẹ bá tún fẹ́ ra nǹkan lẹ́bàá títì, ẹ má mú èyí tí òdòdó rẹ̀ ti tan tán. Èyí tó kúrú, tó ní ẹ̀ka púpọ̀, tí òdòdó rẹ̀ ṣì wà ní dídì ni kí ẹ mú. Ẹ yí ewé rẹ̀ padà wo ìsàlẹ̀, ẹ wo ìdí ọ̀rá dúdú rẹ̀: bí gbòǹgbò bá ti ya ọ̀rá wọ ilẹ̀, ó máa ya kúrò nígbà tí wọ́n bá fà á sókè, yóò sì rọ kí ẹ tó délé. Bó bá jẹ́ abẹ́ ibòòji ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan mú un mọ oòrùn díẹ̀díẹ̀.

Àwọn ọ̀tá ebè kò pọ̀. Tata lẹ ó fi ọwọ́ ṣà láàárọ̀ kùtù nígbà tí ìrì kò tíì jẹ́ kó lè fò. Fún kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ewé, síbí tíì ọṣẹ olómi kan nínú lítà omi kan, kí ẹ fọ́n ọn sí abẹ́ ewé ní ìrọ̀lẹ́. Bí kò bá tó, ẹ gún kílò kan ewé dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà mẹ́wàá mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì fọ́n ọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Fún ewúrẹ́, fẹ́ǹsì nìkan ni oògùn.

Ní ìdajì oṣù kẹsàn-án, marigold àkọ́kọ́ yóò ti gbó. Ẹ hú u, kí ẹ sì gbin zinnia sí àyè rẹ̀, tààrà sínú ebè, torí kò fẹ́ràn kí a máa ṣí òun nípò. Ìdí tí n kò fi ní kí ẹ gbìn ín ṣáájú ni pé nínú òjò, àìsàn máa ń bá ewé rẹ̀ jà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àìsàn yẹn kì í pọ̀, bí ẹ bá ń bu omi sí ìdí rẹ̀ dípò orí. Yóò máa tan òdòdó láti oṣù kọkànlá títí ọdún tuntun. Ẹ fi orí mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó dára jù sílẹ̀ kó gbẹ lórí igi, ẹ gé e, ẹ fi bébà wé èso rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rá, kí ẹ sì kọ déètì sí i lára.

Nígbà tí oṣù kejì bá dé tí omi bá wọ́n, ẹ má ra omi fún ohun tó ti gbó. Ẹ gé celosia àti zinnia nílẹ̀ kí gbòǹgbò wọn máa jẹrà síbẹ̀, ẹ kó èèpo ẹ̀pà kún ojú ilẹ̀, kí ẹ sì gé vinca sí ìdajì. Kẹ́ẹ̀gì kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ yóò gbé ìlà vinca yẹn dé òjò oṣù kẹrin.